Níbo ni akẹ́kọ̀ọ́ òfin ti lè kọ́ ìlàjà ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ? Ìfiwéra ọ̀nà mẹ́fà

Ìlànà ìwà àwọn agbẹjọ́rò Nàìjíríà sọ ọ́ pé agbẹjọ́rò kò gbọdọ̀ ṣàìsọ fún oníbàárà rẹ̀ pé ọ̀nà mìíràn wà tí ọ̀rọ̀ lè gbà parí, kí wọ́n tó gbé e lọ sí kóòtù, tàbí kí wọ́n tó máa bá ẹjọ́ tó ti wà níbẹ̀ lọ. Ojúṣe ni. Àmọ́ ẹni tí kò tíì jókòó rí láàárín ẹni méjì tí inú ń bí, ìmọ̀ràn wo ni yóò fún oníbàárà? Yóò kàn fẹnu sọ ọ́ ni, yóò sì yára mú ìwé ìpẹ̀jọ́.

Ní agbègbè wa, akẹ́kọ̀ọ́ òfin pọ̀ ní Àgọ́-Ìwòyè, níbi tí Yunifásítì Olabisi Onabanjo wà, wọ́n sì pọ̀ ní Ìpẹru, níbi tí Babcock gbé ẹ̀ka òfin rẹ̀ sí. Oríṣiríṣi ọ̀nà ló wà tí wọ́n lè gbà kọ́ bí a ṣe ń parí aáwọ̀ láìdé kóòtù. Kíláàsì wà, ilé ìrànwọ́ òfin tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣiṣẹ́ wà, ìjókòó àwọn àgbà ní ààfin àti nínú ẹbí wà. Èkó kò jìnnà sí wa, ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìlàjà lójoojúmọ́ sì wà níbẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ tó ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí wà, ìdíje láàárín àwọn yunifásítì sì wà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ yan nínú wọn ni mo ń kọ èyí fún, àti òbí tí yóò san owó rẹ̀, àti olùkọ́ tó ń ronú bí yóò ṣe kọ́ wọn.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Owó ni gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ béèrè, wọn kò sì jẹ̀bi, torí owó ilé ìwé nìkan ti tó ẹrù lórí ọ̀pọ̀ òbí. Ṣùgbọ́n nínú òṣùwọ̀n tèmi, owó kọ́ ni àkọ́kọ́. Ohun tí mo kọ́kọ́ ń wò ni iye ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, tí ẹni tó mọ iṣẹ́ yóò sì sọ ibi tó ti ṣìnà fún un. Ìlàjà kò ṣeé há sórí. Èèyàn lè mọ gbogbo àbùdá rẹ̀ dáadáa kó sì gba máàkì tó ga, síbẹ̀ kó jókòó níwájú tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó ń jà lórí ilẹ̀ bàbá wọn, kó má mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ bi léèrè ọ̀rọ̀.

Ìkejì ni bóyá òfin tí wọ́n fi ń kọ́ni ṣì wà láàyè. Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin tuntun lórí arbitration àti ìlàjà ní ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún 2023, òfin náà sì pa ti 1988 rẹ́. Arbitration tí mò ń wí ni pé kí àwọn tó ń jà fúnra wọn yan ẹni tí yóò dá ẹjọ́ wọn, kí ìdájọ́ rẹ̀ sì dè wọ́n. Lábẹ́ òfin àtijọ́, bí àdéhùn kò bá sọ iye adájọ́ tí wọn yóò yàn, mẹ́ta ni. Lábẹ́ ti 2023, ẹyọ kan ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ ìyàtọ̀ yìí lè kó oníbàárà sínú owó adájọ́ mẹ́ta nítorí gbèsè tí kò tó nǹkan. Ẹ tún wo ẹjọ́ City Engineering àti Federal Housing Authority ti 1997. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́ nínú rẹ̀ ni pé láti ọjọ́ tí aáwọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń ka ọdún tí òfin fún èèyàn láti fi lọ gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní kóòtù, kódà bí ìgbẹ́jọ́ níwájú adájọ́ tí wọ́n yàn bá jẹ ọdún yẹn tán. Òfin 2023 ti ní kí wọ́n yọ àkókò ìgbẹ́jọ́ náà kúrò nínú kíkà. Òfin náà tún fàyè gba kí ẹlòmíràn tí kò sí nínú aáwọ̀ fi owó ran ẹni tó wà nínú rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì fún ìlàjà ní apá tirẹ̀ tó kún. Bí ìwé àkọsílẹ̀ olùkọ́ kò bá ní gbogbo èyí nínú, ìtàn ló ń kọ́ yín.

Ìkẹta ni àṣírí. Ọ̀rọ̀ tí èèyàn sọ níbi ìlàjà kò gbọdọ̀ di ohun tí wọ́n ń sọ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ibi tí wọn kò bá ti kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti pa ẹnu mọ́, ẹ má rán ọmọ yín lọ síbẹ̀. Lẹ́yìn ìwọ̀nyí ni owó kàn, àti ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ ti ṣiṣẹ́ lọ́la: ọ́fíìsì ńlá ní Èkó tó ń bá àwọn ilé iṣẹ́ epo àti báńkì ṣe, tàbí ọ́fíìsì ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣágámù tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ogún àti owó ilé pọ̀ sí jù.

Kíláàsì ní yunifásítì

Owó rẹ̀ ti wà nínú owó ilé ìwé, torí náà kò sí ọ̀nà tó rọjú tó o fún ẹni tó ti wọlé tẹ́lẹ̀. Níbẹ̀ ni èèyàn ti ń rí egungun ọ̀rọ̀ náà: ìyàtọ̀ láàárín ìdúnàádúrà, ìlàjà àti arbitration, àdéhùn New York ti 1958 tó jẹ́ kí ìdájọ́ tí wọ́n dá ní orílẹ̀-èdè kan lè múlẹ̀ ní òmíràn, tí Nàìjíríà sì wọ̀ ní 1970, àti àdéhùn Singapore lórí ìlàjà, tí Nàìjíríà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ buwọ́ lù ú ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹjọ 2019. Kò sí ọ̀nà mìíràn nínú mẹ́fà yìí tí yóò to egungun yìí pọ̀ fún èèyàn dáadáa bíi ti kíláàsì.

Ibi tó ti máa ń kùnà ni ọwọ́ ṣíṣe. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kún inú yàrá, tí olùkọ́ kan ṣoṣo dúró níwájú wọn, pípe ọ̀rọ̀ fún wọn láti kọ sílẹ̀ ló rọrùn jù. Àmọ́ kíláàsì ńlá náà lè ṣe ìlàjà ìdánrawò bí olùkọ́ bá fẹ́, kò sì gba ju bébà lọ.

Bí mo ṣe gbà pé ó yẹ kó rí nìyí. Ẹ mú ọ̀rọ̀ tí gbogbo wọn mọ̀: onílé kan ní Àgọ́-Ìwòyè fẹ́ fi owó kún owó ilé, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé ibẹ̀ sì ní òun kò ní san kọ́bọ̀ nítorí ẹ̀rọ omi ti bàjẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ sẹ́mẹ́sítà. Ẹ pín kíláàsì sí mẹ́ta-mẹ́ta: onílé, ayálégbé, onílàjà. Onílé gba bébà tirẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé ọmọ rẹ̀ ń ṣe ìgbéyàwó lóṣù tó ń bọ̀, owó lọ́wọ́ ló ń wá, iye tí yóò fi kún un lọ́dún kò jẹ ẹ́ lọ́kàn tó bẹ́ẹ̀. Ayálégbé gba tirẹ̀: ìlàjì owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ohun tó ń bà á lẹ́rù jù ni kí wọ́n má lé e jáde kí ìdánwò tó parí. Bí onílàjà bá kàn ń bi wọ́n pé “èló lẹ fẹ́ san, èló lẹ fẹ́ gbà?”, wọn yóò jà títí aago yóò fi lù. Bí ó bá mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tó fara balẹ̀ béèrè ohun tó dé, yóò rí i pé ìlàjì owó lónìí àti ìdánilójú pé kò sí lílé títí ìdánwò yóò fi parí lè tẹ́ àwọn méjèèjì lọ́rùn, kí wọ́n sì jọ dá ọjọ́ tí wọn yóò tún ẹ̀rọ omi ṣe. Lẹ́yìn náà ni kí gbogbo wọn ṣí bébà wọn síta, kí onílàjà gbọ́ lẹ́nu àwọn méjèèjì ibi tó ti pàdánù ìbéèrè. Apá ìgbẹ̀yìn yìí ni ẹ̀kọ́ gan-an, òun ni wọ́n sì máa ń fò nígbà tí àkókò bá fẹ́ tán.

Kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé kíláàsì yín, ẹ béèrè ohun méjì lọ́wọ́ àwọn tó wà níwájú yín: ṣé òfin 2023 ni wọ́n ń lò, ṣé wọ́n sì fi ìdánrawò gba máàkì? Bí ìdáhùn sí ìkejì bá jẹ́ rárá, ẹ mọ̀ pé ẹ gbọ́dọ̀ wá ọwọ́ ṣíṣe sí ibòmíràn.

Ilé ìrànwọ́ òfin

Èyí ni ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn tálákà, tí olùkọ́ tó jẹ́ agbẹjọ́rò sì ń tọ́ ọ sọ́nà. Ní Nàìjíríà, àjọ NULAI, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2003, ló ti ń ti irú ilé bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn láàárín àwọn yunifásítì. Bí yunifásítì yín bá ní ọ̀kan tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, mo fi í sí iwájú gbogbo ohun tó kù.

Ìdí ni pé ẹni tó jókòó níwájú akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ kò gba bébà kankan tí wọ́n kọ ohun tí yóò sọ sí. Ìyá tó ń ta ẹ̀pà tí oníbàárà jẹ ní gbèsè kò ní to ọ̀rọ̀ rẹ̀ bíi ti ìbéèrè ìdánwò. Yóò bẹ̀rẹ̀ láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, yóò sunkún díẹ̀, yóò fi ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ sí i, àárín gbogbo rẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ gbèsè náà wà. Ẹni tó bá kọ́ láti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dópin láìjá a lẹ́nu ti mọ ìlàjì iṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò tún kọ́ bí a ṣe ń kọ àdéhùn tí yóò dúró: ta ni yóò san èló, ní ọjọ́ wo, sí ọwọ́ ta ni, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí kò bá san. Àdéhùn tó kàn sọ pé “wọ́n ti parí ìjà wọn” kò wúlò fún ẹnikẹ́ni nígbà tí ọ̀rọ̀ bá tún yí padà.

Àìdára rẹ̀ ni pé olórí rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ rọ̀ mọ́. Bí olùkọ́ tó ń bójú tó o bá lọ fún ìwé kíkà tàbí tí ìyanṣẹ́lódì dé, ilẹ̀kùn á tì, àwọn tó gbé ọ̀rọ̀ wọn wá á sì dúró sí agbede méjì. Àyè kì í sì í pọ̀, àwọn tó wà ní ọdún ìkẹyìn ni wọ́n sábà máa ń gbà. Akẹ́kọ̀ọ́ kò tíì di agbẹjọ́rò, torí náà kò lè dúró fún ẹnikẹ́ni ní kóòtù, kò sì gbọdọ̀ gba owó lọ́wọ́ àwọn tó wá. Ibi tí wọn kò bá ti kéde èyí fún oníbàárà láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ ṣọ́ra.

Ààfin, Òṣùgbó àti ìpàdé ẹbí

Ọ̀nà yìí ló sún mọ́ wa jù, òun náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa fojú kéré jù. Láyé àtijọ́, Òṣùgbó, ẹgbẹ́ awo tí àwọn ibòmíràn ń pè ní Ògbóni, ni ilé ẹjọ́ ìlú ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, ìlédì, ilé ìpàdé wọn, ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tó bá wúwo. Lónìí, ilé baálẹ̀, ààfin ọba àti ìpàdé olórí ẹbí ṣì ni ọ̀pọ̀ aáwọ̀ ti ń parí láìsí pé agbẹjọ́rò kankan gbọ́ sí i. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ nílé tí kò sì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ kò tíì mọ ibi tí oníbàárà rẹ̀ ti kọ́kọ́ lọ kó tó wá bá a.

Òfin pàápàá mọ ìjókòó yìí. Ní 1988, nínú ẹjọ́ Okpuruwu àti Okpokam, ọ̀pọ̀ nínú àwọn adájọ́ Kóòtù Kòtẹ́milọ́rùn ní kò sí ohun tó ń jẹ́ ìdájọ́ àgbà lábẹ́ àṣà nínú òfin wa. Adájọ́ Oguntade kò gbà pẹ̀lú wọn. Nígbà tó di 1991, nínú ẹjọ́ Agu àti Ikewibe, Kóòtù Gíga Jùlọ fara mọ́ ọn pé ìdájọ́ tí àwọn àgbà dá lábẹ́ àṣà lè de àwọn tó gbé ọ̀rọ̀ wá. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹjọ́ Ohiaeri àti Akabeze to ohun tó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: kí àwọn méjèèjì fi ìfẹ́ inú wọn gbé ọ̀rọ̀ náà lọ, kí wọ́n gbà pé ohun tí àwọn àgbà bá sọ yóò dè wọ́n, kí ìgbẹ́jọ́ náà bá àṣà ìlú mu, kí àwọn àgbà dé ìpinnu kí wọ́n sì kéde rẹ̀, kí àwọn méjèèjì sì gbà á nígbà tí wọ́n sọ ọ́. Ẹ mú àwọn ohun yìí lọ́wọ́ lọ sí ìjókòó kan, kí ẹ máa ṣàkíyèsí wọn níkọ̀ọ̀kan. Ohun tí ìwé fi ojú ewé mélòó kan ṣàlàyé, ẹ ó rí i ní wákàtí kan: ìgbà tí olórí ẹbí bi wọ́n pé “ṣé ẹ gbà pé ohun tí a bá sọ lẹ ó ṣe?”, àti ìgbà tí àwọn méjèèjì dọ̀bálẹ̀ tàbí kúnlẹ̀ lẹ́yìn ìdájọ́.

Ọ̀rọ̀ ogún nìkan ti tó láti fi kọ́ kíláàsì kan. Nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, ẹni tó kú, Suberu Dawodu, fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Ṣé ìdí-igi ni kí wọ́n fi pín in, ìyẹn ọ̀nà mẹ́rin, tàbí orí-ò-jorí, ọ̀nà mẹ́sàn-án? Adájọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ ní ìdí-igi kò bá òdodo mu. Nígbà tó dé Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní 1962, wọ́n ní ìdí-igi ṣì ni àṣà Yorùbá, ṣùgbọ́n bí ìjà bá dé láàárín àwọn ọmọ, olórí ẹbí lè pinnu pé orí-ò-jorí ni kí wọ́n lò. Ẹ̀rí tó wà níwájú wọn ni pé nítorí kí ẹbí má baà dé kóòtù ni orí-ò-jorí ṣe wáyé. Ẹ ò rí i pé àwọn bàbá wa ti ń wá ọ̀nà àtiparí aáwọ̀ láìdé kóòtù, tí wọ́n tilẹ̀ yí ìlànà ogún padà nítorí rẹ̀! Inú mi máa ń dùn bí mo bá ń sọ èyí fún akẹ́kọ̀ọ́, torí ọ̀pọ̀ wọn rò pé láti Amẹ́ríkà ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti wá.

Síbẹ̀, ohun kan wà tí ọ̀nà yìí kò lè kọ́ yín, ó sì lè kọ́ yín ní òdìkejì rẹ̀. Ìjókòó àgbà kì í ṣe ìlàjà bí òfin 2023 ṣe mọ̀ ọ́n. Onílàjà kò ní agbára láti dá ẹjọ́. Àwọn tó ń jà ló ń parí ọ̀rọ̀ fúnra wọn. Ní ààfin, lẹ́yìn tí wọ́n bá gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì, àgbà yóò sọ ẹni tó jẹ̀bi, yóò ní kó bẹ ẹnì kejì. Arbitration ni èyí sún mọ́ jù. Akẹ́kọ̀ọ́ tó dàgbà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ máa ń jókòó níbi ìlàjà, kò ní tíì tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, yóò ti máa wí fún ẹnì kan pé “ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi o.” Bí ẹ bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ẹni yẹn kò tún ní sọ òótọ́ ọkàn rẹ̀ fún yín mọ́.

Ìṣòro mìíràn ni ohùn ta ni wọ́n ń gbọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ìpàdé ẹbí, obìnrin àti ọmọ tó kéré jù ló máa ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, tàbí kí wọ́n má sọ rárá. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá rí i, ẹ má fi àṣà bò ó mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìfipábánilòpọ̀ àti lílù tó bani lára jẹ́ kì í ṣe ohun tí àgbà kankan gbọ́dọ̀ pẹ̀tù sí. Iṣẹ́ ọlọ́pàá àti kóòtù ni. Bí wọ́n bá gbé irú rẹ̀ dé iwájú yín, ẹ dìde, kí ẹ sì sọ fún olùkọ́ yín.

Ní ti owó, owó ọkọ̀ kórópe àti ohun tí ẹ ó fi kí àwọn àgbà ni. Ẹ gba ìwé lọ́wọ́ yunifásítì, kí ẹ wá ìjòyè tàbí olórí ẹbí kan tí yóò mú yín wọlé, kí ẹ ṣí fìlà, kí ẹ kí wọn bó ṣe yẹ, kí ẹ sì jókòó sí ẹ̀yìn. Ẹ pa fóònù. Àwọn tó ń jà ni kí ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ wọn, kò tó pé baálẹ̀ gbà. Inú ìlédì ní tirẹ̀, ti àwọn ọmọ awo ni, ẹ má béèrè.

Èkó

Láti Ṣágámù, Èkó wà lórí ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn kan náà, ohun tó sì wà níbẹ̀ kò sí ní ibi púpọ̀. Ní 2002 ni wọ́n ṣí Lagos Multi-Door Courthouse, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Áfíríkà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Frank Sander ti Harvard ló dá èrò ilé ẹjọ́ onílẹ̀kùn púpọ̀ yìí ní 1976: kí ẹni tó gbé ẹjọ́ wá má rí ilẹ̀kùn adájọ́ nìkan, kí wọ́n wo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, kí wọ́n sì darí rẹ̀ sí ìlàjà, arbitration tàbí ibòmíràn tó yẹ ẹ́. Ṣáájú rẹ̀, ní 1999, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti dá Citizens’ Mediation Centre sílẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣe ìlàjà níbẹ̀ fún onílé àti ayálégbé, òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá rẹ̀, tọkọtaya àti aládùúgbò.

Ẹni tó bá rí àyè kọ́ iṣẹ́ ní ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì nígbà ìsinmi gígùn yóò rí onírúurú aáwọ̀, yóò sì rí bí àwọn tó fi ìlàjà ṣe iṣẹ́ ṣe ń darí ìjókòó. Yóò kọ́ àṣírí dáadáa, torí wọn kò fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣeré. Ohun tí kò ní rí ni àyè láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Wíwò ló pọ̀ jù. Ìnáwó ibẹ̀ sì jẹ́ ibùgbé, oúnjẹ àti ọkọ̀, ó sì lè wọni lára bí ẹ kò bá ní mọ̀lẹ́bí tí ẹ lè bá gbé. Ẹni tó fẹ́ máa lọ kó sì máa bọ̀ láti Ìjẹ̀bú lójoojúmọ́ yóò lo okun rẹ̀ tán sínú sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ. Bí ó bá lè ṣeé ṣe, ẹ ti lo ọdún kan ní ilé ìrànwọ́ òfin kí ẹ tó lọ, kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ ń wò.

Ìwé ẹ̀rí ẹgbẹ́

Chartered Institute of Arbitrators, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní 1915, ní ẹ̀ka ní Nàìjíríà. Institute of Chartered Mediators and Conciliators wà fún ìlàjà. Gbogbo wọn ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ìdánwò, àti àwọn lẹ́tà tí èèyàn lè kọ sẹ́yìn orúkọ rẹ̀. Olùkọ́ wọn sábà jẹ́ ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà, ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ní Èkó sì máa ń wo àwọn lẹ́tà yẹn.

Mo fẹ́ kí òbí gbọ́ èyí dáadáa: owó tí ẹ ó san kò tán síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Owó ìforúkọsílẹ̀ wà, owó ọdọọdún ẹgbẹ́ sì wà, ẹni tí kò bá san án lè pàdánù ipò rẹ̀. Ìpele tí akẹ́kọ̀ọ́ lè bọ́ sí kì í ga, kò sì sí ẹni tí yóò yan ọmọ ọdún méjìlélógún ní adájọ́ nínú aáwọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ ńlá nítorí ìwé ẹ̀rí tó gbà lóṣù tó kọjá. Nínú ọ̀nà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, òun ni mo fi sí ẹ̀yìn fún ẹni tó ṣì wà ní yunifásítì. Ẹ jẹ́ kó jáde ní ilé ẹ̀kọ́ òfin, kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kó sì fi owó ara rẹ̀ ṣe é.

Ìdíje

Vis Moot lórí arbitration, tó ń wáyé ní Vienna lọ́dọọdún nítòsí ọdún Àjíǹde, ni gbogbo ayé mọ̀ jù. Láti oṣù Kẹwàá ni wọ́n ti ń gbé ọ̀rọ̀ aáwọ̀ náà jáde, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò sì kọ ìwé fún olùpẹ̀jọ́, yóò tún kọ ti olùjẹ́jọ́, kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ níwájú adájọ́. Ti ìlàjà náà wà ní Paris, tí ICC, ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò àgbáyé, ti ń ṣe láti 2006.

Nínú ìwé kíkọ, kò sí ohun tó lè gún ọpọlọ akẹ́kọ̀ọ́ bíi rẹ̀. Ẹni tó gba oṣù mélòó kan kọ́ bí yóò ṣe gbèjà ẹni tó kọ́kọ́ ta kò kì í tún fi ojú kan wo ọ̀rọ̀ mọ́. Àmọ́ físà, ọkọ̀ òfuurufú àti ibùgbé ní Yúróòpù kì í ṣe owó tí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ lè dá jọ, àwọn díẹ̀ ló sì ń lọ. Bí yunifásítì yín kò bá lè gbé e, ẹ gba ìwé ọ̀rọ̀ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ ṣe é láàárín ara yín, kí ẹ pe àwọn agbẹjọ́rò Ìjẹ̀bú-Òde wá jókòó gẹ́gẹ́ bí adájọ́. Òfin àwòkọ́ṣe UNCITRAL, àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí òfin ìṣòwò, ti 1985, tí wọ́n tún ṣe ní 2006, tí òfin wa ti 2023 sì tẹ̀ lé, wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ pẹ̀lú.

Ta ni kó yan èwo

Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì tàbí ìkẹta tí owó kò sí lọ́wọ́ rẹ̀: ẹ mú kíláàsì ní ọ̀kúnkúndùn, kí ẹ sì wá àyè jókòó níbi ìpàdé ẹbí tàbí ní ilé baálẹ̀ ìlú yín ní ìsinmi kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àṣẹ. Ẹ mú ohun tí Ohiaeri àti Akabeze ní kó wà níbẹ̀ lọ́wọ́.

Ẹni tó ti wọ ọdún kẹrin tí yunifásítì rẹ̀ ní ilé ìrànwọ́ òfin, ibẹ̀ ni kó lọ, kó má fi ohunkóhun pààrọ̀ rẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ kó ara yín jọ lọ bá olùkọ́ kan tó jẹ́ agbẹjọ́rò, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ onílé àti ayálégbé ní àyíká yunifásítì nìkan.

Ẹni tó mọ̀ pé Èkó ni òun fẹ́ ti ṣiṣẹ́, tó sì ní ibi tí yóò gbé níbẹ̀, kó fi ìsinmi gígùn kan sí Citizens’ Mediation Centre, torí aáwọ̀ ibẹ̀ jọ ti ilé jù. Bí ó bá jẹ́ pé arbitration ti àwọn ilé iṣẹ́ ló wù ú, kó wọ ẹgbẹ́ ìdíje, ì báà jẹ́ ti abẹ́lé.

Ẹni tó fẹ́ padà sí Ìjẹ̀bú-Igbó tàbí Ìkẹ́nnẹ́ ṣí ọ́fíìsì, ìjókòó àgbà àti ilé ìrànwọ́ òfin ni kó so pọ̀. Ọ̀kan yóò kọ́ ọ ní bí ìlú ṣe ń dá ẹjọ́, èkejì yóò kọ́ ọ láti má ṣe dá ẹjọ́ nígbà tí wọ́n pè é wá ṣe ìlàjà.

Ní ti ẹ̀yin olùkọ́, bí ẹ kò bá lè ṣe ju ohun kan lọ ní sẹ́mẹ́sítà yìí, ẹ fi ìdánrawò ìlàjà sínú máàkì, kí ẹ pe olórí ẹbí kan àti onílàjà kan láti Èkó sí kíláàsì lọ́jọ́ kan náà, kí ẹ fún àwọn méjèèjì ní aáwọ̀ kan náà láti parí, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì kọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn béèrè tí ẹnì kejì kò béèrè.